Ọgbà Tó Wó Pa Àjàlá

Ẹ̀jẹ̀ ni Leah kọ́kọ́ rí, kó tó rí bàtà.

Ìjì ìrọ̀lẹ́ àná ti ṣí páánù ilé púpọ̀ ní Bàrígà, ó ti fa igi àgbọn tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, ó sì ti na ọgbà pákó Leah gbalaja sójú títì. Ìyẹn kò dẹ́rù bà á. Ẹni tí wọ́n bí sétí òkun Ìlàjẹ kì í tìtorí afẹ́fẹ́ pariwo. Àmọ́ bó ṣe gbé pákó kìíní dìde, ẹ̀jẹ̀ ló wà lábẹ́ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tó ti dì, àti bàtà ọkùnrin, ẹsẹ̀ kan. Ẹsẹ̀ kan péré! Èkejì dà? Ẹni tó wọ̀ ọ́ dà?

"Ẹ má fọwọ́ kàn án, màmá!"

Leah fò sókè. Ọkùnrin kan ló dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó wọ kóòtù funfun, ó de táì, ó fi báàgì aláwọ sábíyá. Ẹrẹ̀ kún gbogbo Bàrígà, síbẹ̀ bàtà tiẹ̀ ń dán bí àwo tuntun.

"Babájídé lorúkọ mi. Iléeṣẹ́ ínṣọ́ránsì ni mo ti wá, àwa tá à ń san owó òfò fún onílé. Ṣé ẹ̀yin lẹ ni ọgbà yìí?"

"Èmi ni. Ọkọ mi tó ti sùn ló kàn án."

"Ó pa èèyàn lánàá."

Leah ju pákó ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Àjàlá ni, káfíńtà kan ní Abúlé Òkúta. Ó ń sáré lọ sílé nínú òjò, ọgbà yín wó lù ú. Kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù, ó ti dákẹ́."

"Ìjì ni! Èmi kọ́ o, ìjì ni!"

"Ṣé ìjì ni adájọ́ máa tì mọ́lé? Ẹni tó ni ọgbà ló ni ẹjọ́, màmá."

Leah jókòó sínú ẹrẹ̀. Babájídé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tì í, ohùn rẹ̀ dùn bí oyin. Ká ní Leah ti wọ ínṣọ́ránsì ṣáájú ìjì ni, iléeṣẹ́ ni ìbá bá ará ilé òkú sọ̀rọ̀. Kò burú, òun yóò kọ ọ́ bí ẹni pé ó ti wọ̀ ọ́ láti oṣù tó kọjá. Kó ṣáà tẹ̀ka síbí. Kó sì mú ìwé ilé wá, iléeṣẹ́ yóò tọ́jú rẹ̀ títí ọ̀rọ̀ yóò fi tán.

Ilé tí òun àti Ìbídàpọ̀ ọkọ rẹ̀ fi ẹja yíyan kọ́ ni. Kò ní òmíràn láyé. Ó wọlé, ó mú ìwé náà wá. Ó tẹ̀ka.

Bí tàdáwà ṣe gbẹ báyìí, ojú Babájídé yí padà. Kò pè é ní màmá mọ́.

"Gbọ́ dáadáa. O ti fọwọ́ sí irọ́. Bí o bá sọ fún ẹnikẹ́ni, ẹ̀wọ̀n ni. Bí o bá fẹsẹ̀ kan Abúlé Òkúta, okùn ni."

Láti ọjọ́ náà oorun sá fún Leah. Ajá gbó, ó ní wọ́n ti dé. Aládùúgbò wúkọ́, ó ní wọ́n ti dé. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọlọ́pàá gun kẹ̀kẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ni Leah bá kó sẹ́yìn ààrò ẹja. Àṣé ẹja lọ̀gbẹ́ni fẹ́ rà! Ẹ̀rù mú kí Leah bu ènì fún un, ènì náà ju ẹja lọ. Ǹjẹ́ kí ọlọ́pàá má padà wá? Ojoojúmọ́ ló ń wá! Ojoojúmọ́ ni jìnnìjìnnì ń bo Leah, nítorí ènì.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tó ń jẹ ẹ́ ju ẹ̀wọ̀n lọ. Nílé tí wọ́n ti tọ́ ọ, ẹni tó bá ṣèèṣì pa ọmọ ẹlòmíì kì í jókòó sílé. Yóò lọ kúnlẹ̀ fún ará ilé òkú, yóò bẹ̀bẹ̀, bí wọ́n bá nà án, yóò gbà á. Báwo lòun ṣe fẹ́ dojú kọ Ìbídàpọ̀ lọ́run, kóun ní òun pa èèyàn, òun kò sì kí wọn kú ọ̀fọ̀?

Ó lọ bá Munirat ọlọ́ṣẹ, aládùúgbò rẹ̀ ará Ọ̀yọ́.

"Munirat, mo pààyàn."

"Ẹ pa kí ni? Ẹ̀yin tí adìyẹ ń lé?"

Leah sọ gbogbo rẹ̀. Munirat di gèlè rẹ̀ le.

"Ẹ jẹ́ ká lọ. Bí wọ́n bá máa nà yín, kí wọ́n nà wá pọ̀."

Abúlé Òkúta dákẹ́, kò sí ẹkún, kò sí èrò. Leah bá obìnrin kan nídìí àkàrà, ó rọra bi í pẹ̀lú omijé lójú:

"Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni ilé olóògbé Àjàlá, káfíńtà?"

"Olóògbé bíi báwo? Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bá mi jà lórí àkàrà ni, ó ní ó kéré! Òun nìyẹn. Àjàlá o! Àlejò!"

Ọkùnrin kan yọjú láti ẹ̀yìn pákó, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún fún àkàrà. Ó rí Leah. Ó ti rí i rí, nígbà tó ń da ẹ̀jẹ̀ sábẹ́ ọgbà rẹ̀, tí Leah ń gbàdúrà òwúrọ̀ lójú fèrèsé. Ó rò pé ọlọ́pàá ni Leah mú wá. Ó fẹsẹ̀ fẹ́ẹ.

"Òkú!" Leah figbe ta, òun náà gba ọ̀nà ibòmíì.

Apànìyàn ń sá fún òkú, òkú ń sá fún apànìyàn, Munirat dúró láàárín, kò mọ èyí tí yóò lé! Nígbà tó yá ó gbá tọ òkú, ó bá a létí gọ́tà, ó fi ṣòkòtò wọ́ ọ padà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa mí!"

"Ṣebí o ti kú? Kí ló kù tá a fẹ́ pa? Sọ̀rọ̀!"

"Ẹ̀gbọ́n Babájídé ni! Tí ìjì bá ti wó ọgbà onílé, á ní kí n kú. Ẹ̀jẹ̀ ewúrẹ́ ni. Mo ti kú ní Ọbáníkòró, mo ti kú ní Ṣómólú, èyí tí mo kú ní Bàrígà yìí ló sì rọrùn jù."

"Ìwé ilé mi ńkọ́?" Ẹ̀yìn obìnrin alákàrà ni Leah ti ń béèrè, kò tíì gbà pé òkú kò ní gbá òun mú.

"Ó ń ta ilé yín lọ́sàn-án yìí, ní Palmgrove, lẹ́bàá títì Ìkòròdú. Ẹni tó fẹ́ rà á ti ń dúró."

Leah jáde síta. "Munirat, mú un lọ bá ọlọ́pàá. Èmi ń lọ Palmgrove."

"Ìwé irọ́ tẹ́ ẹ tẹ̀ka sí ńkọ́? Wọ́n á bi mí o."

Ojú Leah ṣókùnkùn. Ó rí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, ó rí ilẹ̀kùn irin. "Sọ orúkọ mi fún wọn. Má bò mí láṣìírí."

Ó sáré títí bàtà fi já. Ó bá Babájídé lábẹ́ igi ọ̀pẹ, òun àti baba alágbádá kan, ìwé ilé ti jáde nínú báàgì dé ìdajì. Leah fò mọ́ kóòtù funfun náà.

"Olè! Ìwé mi!"

Ẹlòmíì ìbá wárìrì. Babájídé pariwo ju tirẹ̀ lọ.

"Ẹ gbà mí o! Apànìyàn rè é! Ó ti pa Àjàlá káfíńtà ní Bàrígà, ó tún fẹ́ pa mí! Ẹ bi í, ṣé kò pa á?"

Ni èrò bá ya bo Leah. Wọ́n di apá rẹ̀ mú, gèlè bọ́. "Ẹ mú un! Ẹ má jẹ́ kó lọ!" Babájídé ki ìwé padà sínú báàgì, ó na ọwọ́ sí lọ́rì kan tó ń bọ̀, ó fò gùn ún.

"Ẹ fi mí sílẹ̀! Òkú náà ń bọ̀!" ni Leah ń ké.

"Orí rẹ̀ ti dàrú," ẹnì kan sọ. Lọ́rì ti ń yí.

Ni ohùn kan bá gba ọ̀nà jíjìn wá, ohùn ẹni tí èémí ń pa: "Ẹ̀gbọ́n Babájídé, ẹ sọ̀ kalẹ̀ o! Wọ́n ti mọ̀ pé mo wà láyé!"

Àjàlá ló ń sáré bọ̀. Munirat di ṣòkòtò rẹ̀ mú lẹ́yìn, Sájẹ́ǹtì Ọmọ́wálé, ọlọ́pàá tó ń ra ẹja lójoojúmọ́, tẹ̀ lé wọn lórí kẹ̀kẹ́, ó ń lu aago. Leah sì nàka: "Òkú náà nìyẹn! Àjàlá nìyẹn!" Àwọn tó di Leah mú fi í sílẹ̀. Dírẹ́bà tẹ bíréèkì. Kí Babájídé tó bẹ́ sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kejì, ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ ti fi táì fà á wálẹ̀ bí ẹni fa ewúrẹ́.

Ní tẹ́ṣàn, Sájẹ́ǹtì jókòó ti Babájídé.

"Iléeṣẹ́ ínṣọ́ránsì wo lo ń bá ṣiṣẹ́?"

"Iléeṣẹ́ ńlá ni, sà."

"Orúkọ?"

"Wọ́n... wọ́n ṣì ń rò ó lọ́wọ́, sà."

"Èèyàn mélòó ni Àjàlá ti kú fún?"

Babájídé bẹ̀rẹ̀ sí í fìka kà wọ́n. Ó jẹ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ilé dé ilé, ọgbà dé ọgbà.

Leah na ọwọ́ méjèèjì síwájú Sájẹ́ǹtì, ó dijú.

"Kí lẹ nawọ́ fún, màmá?"

"Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Mo tẹ̀ka sí irọ́."

"Ẹ gbọ́wọ́ yín sílẹ̀. Ẹ̀rù ni wọ́n fi gba ìka lọ́wọ́ yín, ẹ̀yin lẹ máa bá wa jẹ́rìí. Ọgbà tó dúró ṣánṣán, bí ìjì bá wó o, ta ló fẹ́ dá onílé lẹ́bi? Èyí tó bá ti jẹrà, tí wọ́n kìlọ̀-kìlọ̀ tí onílé ò tún un ṣe, ìyẹn ló ń di ẹjọ́. Onínṣọ́ránsì gidi kò sì ní wá tà á fún yín lẹ́yìn ìjì. Ta ló ń ra agbòjò fún òjò àná?"

Ó gbé ìwé ilé lé e lọ́wọ́. Leah gbé e mọ́ àyà.

Wọ́n ránṣẹ́ sí àwọn onílé yòókù tí Babájídé ti tàn jẹ. Bàbá Adéjìmí, aránṣọ ní Ọbáníkòró, ló kọ́kọ́ dé. Ó ti gbẹ bí ẹja yíyan, ojú rẹ̀ pọ́n. Kò bi wọ́n nípa ìwé ilé. Ó lọ tààrà sọ́dọ̀ Àjàlá. Àjàlá bo orí, ó ń retí ìgbátí. Bàbá rọra gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e lẹ́rẹ̀kẹ́.

"Ó gbóná," ni bàbá wí. Ó yíjú sí Leah. "Ìyá, ẹ bá mi fọwọ́ kàn án. Ṣé ó gbóná lóòótọ́?"

Leah fọwọ́ kàn án. "Ó gbóná, bàbá. Ó sì ń mí."

Bàbá Adéjìmí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tẹ́ṣàn níbẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri, oorun sì gbé e lọ lẹ́ẹ̀kan náà, ó ń hanrun. Sájẹ́ǹtì fẹ́ ké mọ́ Babájídé pé kó bọ́ táì rẹ̀ kó tó wọ àhámọ́. Ó wo bàbá. Ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́.