Ọmọ Faransé Tí Ìbílọlá Rán Aṣọ Fún

Ẹnu Ìyá Bọ́látitó, tí a jọ ń gbé ilé kan náà ní Ìfàkò, ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn yìí. Ẹ̀rín kò jẹ́ kí ó tètè sọ ọ́ tán.

Ìbílọlá jókòó nídìí máṣìnì ìránṣọ rẹ̀ ní Àgídìngbì nígbà tí kẹ̀kẹ́ kan dúró. Ọ̀dọ́kùnrin kan sọ̀ kalẹ̀, ó gbá obìnrin kúkúrú kan mọ́ra, ó fi bẹ́díṣíìtì wé e. Ẹsẹ̀ obìnrin náà yọ síta, ó dúdú, ó ń dán, kò sì mì.

"Yéè! Ṣé ó ti kú ni?"

"Kò tíì wà láàyè rí, àǹtí." Òógùn ti bo ọ̀dọ́kùnrin náà. Ó tú aṣọ. Ère idẹ ni, ọmọge kan tó jókòó lórí òkúta mábù funfun, tó na ọwọ́ kan síwájú, ìhòòhò ọmọlúwàbí. "Ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti ṣe é. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún."

"Ọgọ́rùn-ún ọdún, kò sì tíì rí aṣọ wọ̀?"

Láolú ni orúkọ ọ̀dọ́kùnrin náà. Agége ló ti ń tún ohun ọ̀ṣọ́ àtijọ́ ilẹ̀ òkèèrè ṣe. Ọjọ́ tó gba fúrídọ̀mù iṣẹ́ náà ni ọ̀gá tó kọ́ ọ fi ère náà ta á lọ́rẹ. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀, wòlíì obìnrin ní ìjọ Aládùúrà, ní oníhòòhò kankan kò ní í sun ilé òun.

Ìbílọlá mú téèpù. Ọwọ́ tó nà gbọnrangandan yẹn kò jẹ́ kí bùbá wọ̀ ọ́, ó ní láti la ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ó fi bọ́tìnnì sí i. Lọ́sẹ̀ kejì, Láolú padà wá: apá gùn jù. Ó tún wá: ìró kúrú. Ó tún wá: kò ní gèlè.

"Bọ̀dá Láolú, ṣé ère yìí ń sanra ni?"

"Kò sanra, èmi ni mò ń rù. Oúnjẹ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun mi bí mi ò bá rí ẹ."

Ìbílọlá tẹrí ba, ó sì rán apá bùbá mọ́ ọrùn.

Kò pẹ́ tí àwọn méjèèjì fi ń sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó. Ṣùgbọ́n àwọn aládùúgbò ti ṣáájú wọn dé ọ̀dọ̀ baba Ìbílọlá, Alàgbà Reuben.

"Ọkùnrin tó ń gbé obìnrin wá rán aṣọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni o fẹ́ fẹ́? O ò tíì dé ilé ọkọ, o ti ń rán aṣọ ìyáálé! Mi ò gbà."

"Ère ni, Dádì."

"Ère wo ló ń wé gèlè? Kí ó gbé e wá, kí n bi í fúnra mi."

Ìbílọlá sunkún. Kò lè fẹ́ ẹni tí baba rẹ̀ kò súre fún, kò sì lè fi Láolú sílẹ̀.

Ní ọjọ́ Àìkú, Láolú gbé ère náà dé, ó fi í jókòó sórí àga ní pálọ̀ pẹ̀lú gèlè rẹ̀. Alàgbà Reuben jáde láìlo awò ojú. Ó dúró kí àlejò orí àga náà kí òun.

"Ìwọ ọmọ yìí, wọn ò kọ́ ẹ kí o máa kúnlẹ̀ nílé yín? Ọwọ́ lò ń nà sí mi!"

"Ẹ má bínú, sà," Láolú dọ̀bálẹ̀. "Ọmọ Faransé ni."

"Kí ó kí mi ní ti Faransé nígbà náà!" Ó na ọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọge náà, ó bá idẹ tútù, ó fò sẹ́yìn. Ó ká etí ìró sókè, ó rí òkúta funfun. Alàgbà rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀.

"Láolú, dìde. Bí o bá lè kẹ́ èyí tí kì í dáhùn tó báyìí, wàá kẹ́ ọmọ mi tí kì í dákẹ́."

Lọ́jọ́ tí wọ́n ń sin Ìbílọlá lọ sílé ọkọ, ìyá rẹ̀ kìlọ̀ fún un pé ìyàwó kì í bojú wẹ̀yìn. Bó ṣe dé ẹnu géètì ni baba rẹ̀ ké: "Ìbílọlá! O gbàgbé sísọ́ọ̀sì rẹ!"

Sísọ́ọ̀sì wà nínú báàgì rẹ̀. Ó mọ̀ pé baba òun mọ̀ bẹ́ẹ̀, pé ó kàn fẹ́ rí ojú òun lẹ́ẹ̀kan sí i ni. Omi lé ròrò sójú rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó di ọwọ́ Láolú mú, ó ń lọ, kò sì wo ẹ̀yìn.