Ẹni Tó Wà Lápá Ọ̀tún

"Òun náà rèé?"

"Òun rèé."

"Bàbá Dúpẹ́, gbogbo ariwo ẹ̀rọ, ẹ̀rọ, láti ọjọ́ yìí wá, èyí tí kò ga ju àgbébọ̀ adìyẹ lọ yìí ni?"

"Má fojú kéré rẹ̀, Rose. Èyí ńlá tí wọ́n kọ́kọ́ fi hàn mí l'Ékòó, àfi ká gbé bẹ́ẹ̀dì jáde kó tó ríbi dúró."

"Ẹ bá gbé e wá. Ẹ̀yin lẹ ó máa sùn ní pálọ̀."

Ohun tó tẹ̀ lé ẹ̀fẹ̀ yẹn kì í ṣe àlọ́. Ọdún 1984 ló ṣẹlẹ̀, ní Ìmọ̀wò, n'Íjẹ̀bú-Òde, ọ̀sán gangan sì ni. Àwọn tó ṣojú wọn ṣì wà láyé. Bí mo bá bù mọ́ ọn, wọn ò ní jẹ́ n gbádùn.

Akọ̀wé kàńsù ni Gilbert, Bàbá Dúpẹ́ yẹn, ọkọ Rose. Fọ́tò yíyà ni fàájì rẹ̀. Àmọ́ Èkó ni wọ́n ti ń bá a fọ fíìmù, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko kó tó dé. Ìdí nìyẹn tó fi ra ẹ̀rọ tí ń tẹ fọ́tò nílé. Kékeré ló mú, èyí tó ṣeé ká sínú àpótí bí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó gbé e sí yàrá kótópó abẹ́ àtẹ̀gùn. Ó fi aṣọ dúdú dí fèrèsé, ó so gílóòbù pupa kan ṣoṣo kọ́, ó to abọ́ ike mẹ́ta sílẹ̀: omi tí ń mú àwòrán jáde, omi tí ń dá a dúró, omi tí kì í jẹ́ kó parẹ́.

Kò tíì tẹ fọ́tò kankan tí Kúbúrátù fi kan ilẹ̀kùn.

Aládùúgbò wọn ni, ó ń ta àwo tánńganran. Ó bí ìbejì, obìnrin méjèèjì, ọmọ ọdún mẹ́fà. Ibà gbé Táyé lọ lọ́sẹ̀ tó kọjá. A kì í sọ pé ìbejì kú. Ohun tí wọ́n wí fún Kẹ́hìndé ni pé èkejì rẹ̀ lọ ṣẹ́gi.

"Bọ̀dá, kò jẹun," ni Kúbúrátù wí. "Ògì díẹ̀ ló kọ́kọ́ ń mu. Ọjọ́ kẹrin rèé, omi nìkan. Dókítà ní kò sí àìsàn lára rẹ̀."

"Kí lòun fúnra rẹ̀ wí?"

"Ó ní Táyé ò tíì tọ́ ọ wò."

Bí wọ́n ti ń ṣe láti kékeré nìyẹn. Kẹ́hìndé lẹ̀gbọ́n, òun ló ń ránni níṣẹ́. Táyé ní láti kọ́kọ́ fẹnu kan oúnjẹ kí ẹ̀gbọ́n tó na ọwọ́.

"Ààfáà ní òun ò fẹ́ ère ìbejì nínú ilé," Kúbúrátù tún wí, "ó ní fọ́tò ò burú. Ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́ sí méjì. Àwọn méjèèjì ò jókòó ya fọ́tò rí."

Kò sí ayafọ́tò n'Íjẹ̀bú tí kò mọ iṣẹ́ yẹn. Bí ìbejì bá ku ẹyọ kan, wọ́n á ya èyí tó kù, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí pépà kan ṣoṣo, lápá òsì àti lápá ọ̀tún, kí àwọn méjèèjì lè jókòó ti ara wọn.

Gilbert ya Kẹ́hìndé lórí àpótí ní ẹ̀yìnkùlé. Ọmọ náà panu mọ́, kò rẹ́rìn-ín. Gilbert fọ fíìmù, ó fi kọ́ kó gbẹ. Lọ́jọ́ kejì, ìyá àti ọmọ jókòó ní pálọ̀, abọ́ ìkọ́kọrẹ́ wà láàárín wọn. Agogo méjì ọ̀sán ni Gilbert wọ abẹ́ àtẹ̀gùn.

Ó ti ilẹ̀kùn. Gbogbo ariwo àdúgbò dákẹ́. Iná pupa. Òórùn kíkan. Ó bo apá ọ̀tún pépà, ó tan ẹ̀rọ sí apá òsì, ó kà á dé ẹẹ́jọ, ó pa á. Ó bo apá òsì. Ó tún tan án.

"Ẹẹ́ta... ẹẹ́rin..."

Nǹkan kan dún lẹ́yìn rẹ̀. Jẹ́jẹ́. Bí ẹnu ọmọdé tí ń jẹun.

Ó dákẹ́. Ìró náà dákẹ́.

"Rose?"

Yàrá náà ò gba ènìyàn méjì.

Ó pa ẹ̀rọ, ó ti pépà bọ inú abọ́ àkọ́kọ́. Apá òsì ló kọ́kọ́ yọ: Kẹ́hìndé, ojú líle, ẹnu pípadé. Apá ọ̀tún lọ́ra. Irun yọ. Ojú yọ. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ yọ, ó wú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bíi ti ọmọ tí oúnjẹ wà lẹ́nu rẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín.

Gilbert na fíìmù sí iná. Ọmọ kan ni. Ẹnu pípadé.

Ó jáde, òógùn bò ó. Rose wo fọ́tò, ó wo ọkọ rẹ̀.

"Ẹ fà á ya."

"Èwo nínú wọn ni n ó fà ya?"

Ohùn Kúbúrátù ń wá láti pálọ̀. "Ṣíbí kan péré, ìyá mi. Ẹyọ kan, kí n lè sùn."

Bí fọ́tò yìí bá dẹ́rù ba ọmọ náà ńkọ́? Bí ilẹ̀ bá tún mọ́ tí kò jẹun ńkọ́? Gilbert gbé e lọ, omi ṣì ń kán lára rẹ̀.

Kẹ́hìndé fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Ó wò ó pẹ́. Kúbúrátù yọjú wò ó, ó gbá ẹnu mú.

"Súbúhánálláhì," ó wí wúyẹ́wúyẹ́.

"Màámi."

"Hẹ̀n, ọmọ mi?"

"Ó ti tọ́ ọ wò. Ẹ gbé tèmi wá."

Ó jẹ. Ó jẹ títí, ó fi ìka nu abọ́. Kúbúrátù ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, kò mọ èyí tó ń ṣe mọ́.

"Ẹ rọra fún un o," ni Rose wí, "inú òfìfo ni." Òun kan náà ló tún sáré lọ bu omi wá.

Lẹ́yìn ìgbà yẹn, Gilbert tún tẹ fíìmù náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹnu pípadé ni, lápá òsì, lápá ọ̀tún.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mò ń wí, oòrùn ti ń rọlẹ̀ kí wọ́n tó dìde. Ọmọ náà ń ta kìtì, fọ́tò wà lábíyá rẹ̀. Gilbert sìn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, ó di ilẹ̀kùn mú kó pa á dé. Kẹ́hìndé yíjú padà.

"Bàbá Dúpẹ́, ẹ má tíì tilẹ̀kùn o. Táyé ń wọ bàtà lọ́wọ́."