Kọ́mà Tí Mofẹ́olúwa Fi Sẹ́yìn

Ọjọ́ Sátidé ni Mofẹ́olúwa, ọ̀rẹ́ mi, máa ń gun ọ̀kadà láti Erio wá sílé wa ní Aramọkọ, torí wọn ò ní kọ̀ǹpútà nílé. Inú ìwé àjákọ ló ti máa ń fi bírò kọ iṣẹ́ rẹ̀ láti ọjọ́ Mọ́ńdè. Bó bá ti dé, á jókòó ti kọ̀ǹpútà alágbèéká mi, á máa tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà.

Iṣẹ́ tó gbé wá ní Sátidé kan kì í ṣe kékeré. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọn yóò mú láti ilé ìwé wa lọ díje níbi kíkọ ètò kọ̀ǹpútà ní Adó, ẹni tó bá sì gbégbá orókè níbẹ̀ yóò kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà lọ́fẹ̀ẹ́ fún odidi ọdún kan. Ojú méjèèjì ni Mofẹ́olúwa fi ń wá ààyè yẹn. Èmi Rachael náà fẹ́ ẹ, àmọ́ kì í ṣe tìtorí ẹ̀kọ́. Bàbá mi, ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, tí gbogbo àdúgbò ṣì ń pè ní Pírínsípà, ti sọ fún àwọn ará ìjọ wa pé ọmọ òun ló ń lọ. Bẹ́ẹ̀ n kò tíì kọ ìlà kan.

Ètò tí Mofẹ́olúwa kọ rọrùn, ó sì gbọ́n. Àkójọ ló fi ṣe é, ọ̀kan nínú èkejì: ìlú lóde, oko nínú ìlú, ohun tí wọ́n gbìn nínú oko. Oníbàárà á tẹ orúkọ ohun tó fẹ́ rà, ètò náà á sọ oko tó ti lè rí i. Bó ṣe ń tẹ ti oko ìyá rẹ̀, ó ń ṣàlàyé nǹkan kan fún mi. Mo kàn ń dá a lóhùn ṣáá. Fóònù mi ni mò ń tẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, mo ṣí iṣẹ́ náà lórí kọ̀ǹpútà. Mo kàn fẹ́ wò ó ni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́. Nígbà tó yá, mo ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Mo yí orúkọ àwọn àkójọ padà, mo fa àwọn ìlà tó tò sísàlẹ̀ jọ sórí ìlà gígùn kan, kó lè jọ iṣẹ́ ẹlòmíràn lójú. Láàárọ̀ Mọ́ńdè, kí Mofẹ́olúwa tó ti Erio dé, mo ti fi tèmi sílẹ̀ fún ìdíje.

Ohun tí n kò mọ̀ ni pé òfin ìdíje náà ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi gbogbo iṣẹ́ sínú fọ́mátà, ìyẹn ètò tó máa ń tún ìlà tò fúnra rẹ̀. Fọ́mátà ò mojú ẹnikẹ́ni. Bí àkójọ bá gba orí ìlà kan, á fi í síbẹ̀; bí kò bá gbà, á tú ti òde ká, á wá bọ́ sí ti inú. Gbogbo ìlà tí mo fa jọ, kíá ló tú wọn. Nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Fẹ́yìsetán, tíṣà kọ̀ǹpútà wa, gbé iṣẹ́ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, bí a bá yọ ti orúkọ kúrò, ìlà sí ìlà ni wọ́n bára mu.

Ó pè wá, ó bi wá ta ló wo ti ta. Mofẹ́olúwa na ìwé àjákọ rẹ̀ sí i. Tíṣà ní ẹnikẹ́ni lè da iṣẹ́ kọ sínú ìwé. Èmi wá sọ gbólóhùn kan péré.

"Orí kọ̀ǹpútà mi ló ti máa ń ṣiṣẹ́, sà."

Òótọ́ ni. Òótọ́ yẹn ni mo fi pa á. Tíṣà wo ọmọ Pírínsípà, ó wo ọmọ àgbẹ̀ tí kò ní kọ̀ǹpútà, ó sì fagi lé orúkọ Mofẹ́olúwa. Mofẹ́olúwa kò sunkún. Ó kọjú sí mi, ó ń retí kí n sọ̀rọ̀, èmi ń wo bàtà mi.

Ní Ọjọ́rú, ìyá rẹ̀ ru odidi ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan wá sílé wa. Ó kúnlẹ̀ fún bàbá mi, ó ní kí wọ́n má bínú, òun ò kọ́ ọmọ òun lólè. Bàbá mi ní kó dìde, pé ìṣe ọmọdé ni. Nígbà tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà pọ́n, a dín in ní dòdò. Mo jẹ níbẹ̀.

Ní Adó, obìnrin kan láàárín àwọn adájọ́ gbé iṣẹ́ mi sára ògiri kí gbogbo èèyàn lè rí i. Ó tọ́ka sí oko kan ní Erio. Kòkó, iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀: nǹkan mẹ́ta péré, tó yẹ kó wà lórí ìlà kan bíi ti àwọn oko yòókù, àmọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan dá dúró lórí ìlà tirẹ̀. Ó bi mí kí ló dé tí èyí fi yàtọ̀. Mo ní fọ́mátà ló ṣe é bẹ́ẹ̀.

"Fọ́mátà kì í dédé ṣe nǹkan," ó ní. "Kọ́mà ló rí lẹ́yìn ọ̀gẹ̀dẹ̀. Bó bá ti rí kọ́mà lẹ́yìn ohun tó gbẹ̀yìn, kò ní fa àkójọ náà jọ mọ́. Kí lo fi í síbẹ̀ fún?"

N kò rí kọ́mà náà rí. Mo yí orúkọ padà, mo fa ìlà jọ, mo sì gbé kọ́mà oníkọ́mà dé Adó. Nínú mọ́tò bí a ti ń padà bọ̀, mo jẹ́wọ́ fún Ọ̀gbẹ́ni Fẹ́yìsetán. Ó ní òun náà jẹ̀bi, òun ò ka ìwé ọmọ ọlọ́mọ. Ó kọ lẹ́tà sí àwọn tó ṣètò ìdíje. Wọ́n ní àwọn ti mú ẹni tí àwọn fẹ́ mú, ó di ọdún tó ń bọ̀. Lọ́dún tó ń bọ̀, a ó ti jáde nílé ìwé.

Bàbá mi kò nà mí. Ó ní kí n lọ sí Erio fúnra mi. Mo bá Mofẹ́olúwa àti ìyá rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń fọ́ kòkó. Ìyá rẹ̀ rí mi, ó rẹ́rìn-ín, ó pè mí ní ọmọ rẹ̀, ó tún bẹ̀ mí nítorí ohun tí Mofẹ́olúwa ṣe. Ọmọ rẹ̀ ti sọ fún un pé òun ò jalè. Kò gbà á gbọ́. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀.

Ó gbé àdá sílẹ̀. Kò wojú mi, ọmọ rẹ̀ ló ń wò.

"Mo wá sí ulé yín, mo kúnlẹ̀," ó ní. "Mo dé ibí, mo na ọmọ mi."

Mo bẹ Mofẹ́olúwa títí. Nígbà tí mo fi máa dìde, ohun kan ṣoṣo ló sọ.

"Ìyá mi fẹ́ gbin kaṣú kún un. Ìdí tí mo fi fi kọ́mà síbẹ̀ nìyẹn. Mo sọ fún ẹ lọ́jọ́ náà."

Ìwọ tó ń ka ìtàn yìí, bí iṣẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ bá wù ọ́, bi í bó ṣe ṣe é. Mofẹ́olúwa ì bá kọ́ mi, kò ní ahun. Mo jí gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ tán, n kò mọ ìdí kọ́mà kan ṣoṣo níbẹ̀. Bó o bá sì ti ṣe é ná, tètè sọ̀rọ̀, kí wọ́n tó fìyà rẹ̀ jẹ ẹlòmíràn. Ẹnu tí mo pa mọ́ lọ́jọ́ yẹn burú ju olè tí mo jà lọ.

Ọ̀pọ̀ Sátidé ti kọjá láti ìgbà yẹn. Kọ̀ǹpútà náà ṣì wà lórí tábìlì. Mofẹ́olúwa kò wá mọ́.