Ìkòkò Tí Mo Fi Sin Ibi Abdulbasit

Láti ọjọ́ tí mo ti sin ibi Abdulbasit, ọmọ-ọmọ mi, ọmọ náà kò sunkún mọ́. Ó ké dáadáa nígbà tí wọ́n bí i. Mo wà níbẹ̀, etí mi gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ó di ọjọ́ karùn-ún, kò ké, kò gba ọmú. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ara rẹ̀ tutù bí ẹran inú fíríìsà. Ó ń rù. Dókítà ní àwọn ò rí nǹkan kan, ká mú un padà wá ní Friday.

Rahmah ọmọ mi, tó bí i, kò yéé wò mí.

"Mummy, ṣé ẹ sin ín dáadáa?"

"Ṣebí ọwọ́ mi yìí náà ló sin tìẹ. Ṣé o kú ni?"

Wọ́n kó ibi náà fún wa ní ọsibítù nínú ike olómorí. Nílé wa, ìkòkò tuntun la fi ń sin ibi, èyí tí ẹnikẹ́ni ò tíì lò rí. Ta ló ń mọ ìkòkò ní Peckham, ní London níbí? Orí àtẹ àlòkù ní ọjà Deptford ni mo ti rí ọ̀kan. Pupa ni, wọ́n fi dúdú àti funfun ya ẹranko kan sí i lára: orí ẹkùn, ìrù ọ̀nì. Mo fi ìka nu inú rẹ̀. Kò sí èérí, kò rùn. Mo ní tuntun ni. Mo sin ín sí gáàdìnì ẹ̀yìn flat wa.

Ní Thursday, lọ́sàn-án, Bethany aládùúgbò wa gbé súwẹ́tà ọmọ wá. Ilé tí wọ́n ń kó ohun àtijọ́ sí ló ti ń ṣiṣẹ́. Rahmah fi fọ́tò ìkòkò náà hàn án lórí fóònù. Súwẹ́tà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rọra ń sọ̀rọ̀, Rahmah ń túmọ̀ fún mi: ará Central America ló mọ ọ́n, kí òyìnbó tó débẹ̀. Wọ́n máa ń gbé e ti òkú nínú sàréè. Ẹranko yẹn ló ń gbé òkú lọ.

"Á jẹ́ pé wọ́n ti lò ó," ni mo wí.

Mo mú ṣọ́bìrì. Bí mo ṣe kan ìkòkò ni igbe ta nínú rẹ̀. Ohùn Abdulbasit ni. Mo yọjú wo inú rẹ̀: ibi ti pòórá, ìkòkò gbẹ táútáú. Ẹranko tó ń dá rìn tẹ́lẹ̀ ti pọn nǹkan kékeré bí ọmọ sẹ́yìn.

Rahmah gbé ọmọ dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Mummy, ẹ fọ́ ọ!"

Mo gbé ṣọ́bìrì sókè. Ètè ọmọ di dúdú.

"Ẹ dúró! Kò mí mọ́! Mummy, ẹ jọ̀ọ́!"

Mo sọ ṣọ́bìrì sílẹ̀. Ọmọ mí.

Ìkòkò ò dákẹ́. Ọmọ tó bá ń ké, oúnjẹ là ń fún un. Mo ní kí Rahmah fún ọmú rẹ̀ sínú ife, mo dà á sínú ìkòkò. Bó ṣe ń kan ìsàlẹ̀ ló ń pòórá. Wàrà yọ létí ẹnu Abdulbasit.

Ó ti pé oṣù mẹ́jọ báyìí. Nọ́ọ̀sì ní ó sanra, pé kì í yọni lẹ́nu. Rahmah ti padà sẹ́nu iṣẹ́, èmi ni mò ń bọ́ ìkòkò, ẹ̀ẹ̀mẹfà lójúmọ́. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni mí.

Láàárọ̀ àná, òòyì kọ́ mi, mo ṣubú sí kíṣìnì. Nígbà tí mo dìde, mo lọ wo ìkòkò. Ẹranko náà ti kọjú sí mi. Ó ti kúnlẹ̀. Àyè ẹnì kan ṣì wà lórí ẹ̀yìn rẹ̀, lẹ́yìn ọmọ tó pọ̀n.