Ẹni Tí Ọkọ̀ Fi Sílẹ̀ ní Kvitskar

Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń kó yìnyín kúrò lójú irin ló rí òkú náà ní Kvitskar, ibùdó kékeré kan lórí òkè Saltfjellet. Rélùwéè kì í dúró níbẹ̀ àfi kó lè jẹ́ kí èyí tó ń bọ̀ níwájú kọjá. Bàbá arúgbó kan ni. Ó jókòó sẹ́yìn ilé ibùdó náà níbi tí ògiri ti dí atẹ́gùn, ó sì ki ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ abíyá. Súwẹ́tà ló wọ̀, kò sí ẹ̀wù òtútù lọ́rùn rẹ̀. Yìnyín ti bò ó dé orúnkún. Lára ilẹ̀kùn ibùdó, wọ́n rí ojú ibi tó ti fi òkúta gbá àgádágodo títí, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn náà kò ṣí.

Ìnspẹ́kítọ̀ Hallgerd Myrvang ni wọ́n pè láti Bodø. Obìnrin tó ti lé láàádọ́ta ọdún ni, ìrìn rẹ̀ kò yá, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì pọ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀daràn ìlú náà máa ń sọ láàárín ara wọn pé ó sàn kí ajá ọlọ́pàá lé èèyàn ju kí Hallgerd fa àga jókòó síwájú ẹni. Ó wo òkú náà títí. Kò sí ọgbẹ́, kò sí ẹ̀jẹ̀. Dókítà ní òtútù ló pa á láti àná. Ọlọ́pàá tó tẹ̀ lé e sọ pé kò sí ẹjọ́ níbẹ̀, pé arúgbó ló ṣìnà.

“Ta ló ń jáde nínú oṣù Kẹta láìwọ ẹ̀wù?” Hallgerd bi í. “Ẹni tó mọ̀ pé òun ń padà wọlé báyìí ni. Inú ọkọ̀ ni ẹ̀wù ẹ̀ wà. Ibi tí ẹ̀wù yẹn bá gbà lọ ni ká gbà.”

Káàdì inú àpò ṣòkòtò òkú náà ni wọ́n fi mọ̀ pé Asbjørn Lervik ni, káfíńtà tó ti fẹ̀yìn tì sí Oslo. Wọ́n pe ọmọ rẹ̀ obìnrin, Synnøve, lórí fóònù. Svolvær ló wà, ní erékùṣù Lofoten. Nígbà tí wọ́n túfọ̀ fún un, kò sunkún lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó ní kò lè jẹ́ bàbá òun, nítorí bàbá òun kò sọ̀ ní Kvitskar, Fauske ló sọ̀ sí. Hallgerd bi í pé ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ó ní Torleif ni, àbúrò bàbá òun, tí wọ́n jọ rìnrìn àjò.

Kí Hallgerd tó wọkọ̀ ojú omi lọ sí Svolvær, ó kọ́kọ́ ránṣẹ́ pe Jostein Kvalvåg, ọkùnrin tó yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò nínú rélùwéè náà. Jostein wọlé pẹ̀lú fìlà iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì ń yí i po. Ó ní òun wo etí irin ní Kvitskar kí òun tó ti ilẹ̀kùn ọkọ̀, òun kò sì rí ẹnikẹ́ni. Hallgerd fa àga jókòó síwájú rẹ̀. Ó ń wò ó. Nígbà tó pẹ́, Jostein gbé fìlà náà sílẹ̀.

“Mo rí bàbá náà nígbà tó ń sọ̀,” ó ní. “Ojú ẹ̀ pọ́n. Ó ní òun kàn fẹ́ gba atẹ́gùn sára. Mo ní kó má lọ jìnnà o. Nígbà tó yá tá a fẹ́ gbéra, mo bi àbúrò ẹ̀ pé ṣé bàbá kejì ti wọlé. Ó forí dá mi lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, ó wá nawọ́ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọkọ̀.”

“Orí ló fi dáhùn, àbí ẹnu?”

“Orí ni, ọ̀gá. Kò la ẹnu.”

Hallgerd bi í nípa Fauske. Jostein ní ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ló ṣí nínú ọkọ̀ náà ní Fauske, nítorí yìnyín ti dì mọ́ èyí tó kù. Òun fúnra òun ló dúró sẹ́nu rẹ̀, tí òun ń bá ìyálọ́mọ kan gbé kẹ̀kẹ́ ọmọ sọ̀ kalẹ̀. Arúgbó kankan kò gba ibẹ̀ kọjá. Ó wá ní, “Ká ní mo kan ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ yẹn ni. Kí n ṣáà kàn án.” Hallgerd sọ fún un pé kó máa lọ sílé lọ sinmi, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ìsinmi kò ní wá bọ̀rọ̀.

Etíkun ni Synnøve ti pàdé rẹ̀ ní Svolvær. Olùkọ́ ni, ó ga, irun rẹ̀ pupa bíi ti bàbá rẹ̀. Ẹja tí wọ́n sá sórí igi ń rùn kárí ìlú, àwọn méjèèjì sì wọ ilé kọfí kékeré kan láti sá fún atẹ́gùn. Ibẹ̀ ni Hallgerd ti gbọ́ bí ìrìn àjò náà ṣe bẹ̀rẹ̀.

Asbjørn àti Torleif kò bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti wà lọ́dọ̀ọ́. Ìyá wọn kú ní Svolvær nígbà tí Torleif wà lójú omi Finnmark níbi tó ti ń pẹja. Asbjørn ló wà nílé, òun ló yẹ kó tẹ wáyà pé ìyá ń kú lọ, kò sì tẹ̀ ẹ́ lákòókò. Ọkọ̀ tó ń bọ̀ gúúsù ti kọjá kí Torleif tó gbọ́. Ìgbà tó fi máa dé ilé, wọ́n ti sin ìyá. Láti ọjọ́ náà ni kálukú ti gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ sí gúúsù, wọn kò sì jọ padà wá sí ibojì náà rí.

Gbogbo ìgbà òtútù ni Synnøve fi ṣètò ìrìn àjò yìí. Àwọn ẹbí ní kó fi àwọn àgbà náà sílẹ̀ pẹ̀lú ìjà wọn, pé ìyapa ló rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Ó dá wọn lóhùn pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Àwọn mìíràn ní tí wọ́n bá máa lọ, kó fi wọ́n sínú bàlúù, kí wọ́n tètè dé.

“Mo kọ̀,” ó ní. “Nínú bàlúù, èèyàn lè díbọ́n pé òun ń sùn títí wọ́n á fi balẹ̀. Mo fẹ́ kí wọ́n kojú síra wọn, kí tábìlì kékeré wà láàárín wọn, kí òkè máa kọjá lójú fèrèsé. Bí wọn ò bá rí nǹkan kan sọ nípa ara wọn, wọ́n á ṣáà rí i sọ nípa òkè.”

Nítorí náà ló ṣe gba ọkọ̀ fún wọn láti Oslo gba òkè Dovre lọ sí Trondheim, kí wọ́n sùn, kí wọ́n tún bọ́ sí ọkọ̀ ọ̀sán lọ sí Mo i Rana. Kò gba ọkọ̀ òru, torí inú òkùnkùn ni èyí máa ń gun òkè, oorun nìkan ni àwọn èrò ibẹ̀ sì máa ń rí. Ó ní kí wọ́n sùn ní Mo i Rana, kí wọ́n gun Saltfjellet nínú ìmọ́lẹ̀, kí wọ́n dé Bodø pẹ̀lú àyè láti mu ọbẹ̀ ẹja gbígbóná kí ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sí àríwá tó ṣí. Òun á ti dúró dè wọ́n ní Svolvær. Àwọn mẹ́ta á jọ lọ sí ibojì. Kò bá wọn rìn, kí wọ́n má baà rí ẹlòmíràn bá sọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n Torleif nìkan ló sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi, pẹ̀lú báàgì méjì. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun yí ọkàn padà, ó sọ̀ ní Fauske lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ àtijọ́ kan, ó ní kí òun máa gbé ẹrù òun lọ. Synnøve gbà á gbọ́, nítorí ó mọ bàbá rẹ̀ sí ẹni tó máa ń sá fún ọ̀rọ̀ líle. Ó pe fóònù bàbá náà, kò lọ, ó sì fi ohùn sílẹ̀ fún un.

“Mo ní, ‘Bàbá, ẹ tún ti sá. Gbogbo ayé yín, ẹ̀ ń sá.’” Ó yíjú sí Hallgerd. “Nígbà tí mò ń sọ ọ́, ṣé ó ṣì wà láàyè?”

Hallgerd kò purọ́ fún un. Ó ní òun kò mọ̀.

Ilé apẹja onípákó tí Synnøve háyà fún àwọn àgbà náà wà lórí òpó nínú omi. Torleif fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Àgbàlagbà tí ọwọ́ rẹ̀ rí bíi gbòǹgbò igi ni, ojú rẹ̀ ti wọnú bí ẹni tí kò sùn. Synnøve ti sọ fún un lórí fóònù pé wọ́n ti rí òkú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó bu kọfí fún wọn. Ó tún sọ ọ̀rọ̀ Fauske bó ṣe sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Ó ní bóyá Asbjørn tún wọ ọkọ̀ mìíràn padà sórí òkè, ta ló mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Hallgerd ní kó jọ̀ọ́, kó gbé báàgì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá. Torleif kọ́kọ́ jókòó. Lẹ́yìn náà ló dìde lọ gbé e. Nígbà tí Hallgerd fa síìpù rẹ̀, ẹ̀wù òtútù aláwọ̀ eérú ló wà lókè, wọ́n ká a dáadáa. Synnøve mọ̀ ọ́n. Fóònù bàbá rẹ̀ wà nínú àpò ẹ̀wù náà, wọ́n ti pa á.

“Bàbá,” Hallgerd wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, “àṣegbé kan ò sí. Ẹ ní ẹ̀gbọ́n yín sọ̀ ní Fauske. Ẹni tó dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn kan ṣoṣo tó ṣí ní Fauske ò rí i. Ká tiẹ̀ ní ó fojú fò ó, ẹni tó ń lọ kí ọ̀rẹ́ nínú yìnyín á wọ ẹ̀wù ẹ̀, á mú fóònù ẹ̀ dání. Ẹ̀wù orí ìkọ́ ò lè ká ara ẹ̀ wọnú báàgì. Fóònù ò lè pa ara ẹ̀. Ẹ mọ̀ pé ẹni tó ni ín ò sí nínú ọkọ̀, ẹ ò sì fẹ́ kí ẹlòmíì mọ̀. Ní Kvitskar, wọ́n bi yín léèrè, ẹ sì forí dáhùn. Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ṣe é?”

Torleif wo Synnøve, kò wo ọlọ́pàá.

“Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé,” ó ní. “Láti Oslo la ti ń sọ̀rọ̀ òkè àti odò, bí ìwọ ọmọ yìí ṣe fẹ́. Ó ń dára. Mo rẹ́rìn-ín pàápàá. Àfìgbà tá a gun Saltfjellet ló bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí. Ó ní òun fẹ́ sọ òótọ́ kí òun tó dé ibojì màmá. Gbogbo ayé mi, ohun tí mo rò ni pé màmá ò béèrè mi. Ó ní irọ́ ni. Ó ní tọ̀sán-tòru ni màmá ń pe Torleif, Torleif, pé orúkọ tòun ò jáde lẹ́nu màmá nígbà kankan, bẹ́ẹ̀ òun ló ń bọ́ ọ, òun ló ń wẹ̀ ẹ́. Inú bí i. Ìdí tí kò fi tẹ wáyà nìyẹn.”

Ó ti ife kọfí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Omi ń gbá òpó ilé náà nísàlẹ̀.

“Ó ń sunkún, ó ní kí n dárí ji òun. Mi ò dáhùn. Ló bá dìde, ó jáde. Nígbà tí ọkùnrin yẹn bi mí léèrè, mò ń wo ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n mi lójú fèrèsé, ó ń rìn lọ sẹ́yìn ilé. Mo ní lọ́kàn mi, jẹ́ kí ọkọ̀ fi ìwọ náà sílẹ̀. Kó o mọ bó ṣe máa ń rí. Ọkọ̀ kan péré.”

“Rognan tí ọkọ̀ tún dúró sí ńkọ́?” Hallgerd bi í. “Fauske? Bodø? Ẹ lè sọ̀rọ̀ níbikíbi.”

“Ibi tá a bá dé, mo máa ń sọ pé ó di iwájú. Bó ṣe ń pẹ́ ni ìtìjú ń pọ̀. Mi ò rò pé ó lè kú. Nígbà tá a wà lọ́dọ̀ọ́, ọ̀gá téṣàn ń gbé Kvitskar, iná kì í kú nínú sítóòfù ẹ̀, ó máa ń fún èèyàn ní kọfí. Ibi tí mo rò pé mo fi í sí nìyẹn. Mo ti pinnu pé tó bá fi ọkọ̀ ọjọ́ kejì dé, èmi ni màá lọ pàdé ẹ̀ létíkun. Màá sọ fún un pé ó ti tán.”

Hallgerd ṣàlàyé fún un pé òfin ní orúkọ fún fífi ẹni tí kò lè ran ara rẹ̀ lọ́wọ́ sílẹ̀ sínú ewu, pé ó gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé òun lọ sí Bodø. Torleif ní òun gbọ́. Ó pe ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórúkọ, ṣùgbọ́n Synnøve ti jáde lọ sórí afárá onípákó, ó di irin etí afárá náà mú. Nígbà tí Hallgerd bá a níbẹ̀, ó sọ fún un pé láti ọ̀sán àná ni fóònù náà ti kú, bàbá rẹ̀ kò gbọ́ ohùn tó fi sílẹ̀. Synnøve ní òun dúpẹ́. Lẹ́yìn náà ló wá sunkún.

Ọkọ̀ wọn kò tíì tó ṣí. Synnøve ní òun gbọ́dọ̀ lọ fi ibi tí wọ́n máa gbẹ́ ibojì bàbá òun sí han agbẹ́lẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá bàbá náà. Torleif tọrọ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun náà débẹ̀, nítorí láti àná tóun ti dé Svolvær, òun kò tíì lè lọ. Hallgerd gbà fún un.

Wọ́n jọ rìn gòkè lọ sí itẹ́ òkú. Synnøve wọlé lọ bá agbẹ́lẹ̀ náà. Torleif dé ẹnu géètì, ó sì dúró. Láti ibẹ̀, ó rí òkúta ibojì náà, wọ́n ti gbá yìnyín kúrò lójú rẹ̀. Hallgerd ní kó wọlé, pé àyè ṣì wà dáadáa.

“Rárá,” arúgbó náà wí. “Màmá máa bi mí pé ẹ̀gbọ́n mi dà.”