Gíráàmù Méjì Péré

Àgbọ̀n obìnrin kan ni apoògùn kọ́kọ́ rí, nítorí ó gbé e lé orí giramafóònù ràgàjì kan tó dì mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ tó ti sùn. Ó fi ìdí ti ilẹ̀kùn ilé oògùn, ó wọlé, ó sì gbé ẹrù náà ka orí káńtà láìbèèrè. Ìgbà yẹn ni ojú rẹ̀ tó hàn tán. Òógùn ń dán níwájú orí rẹ̀, ẹ̀rín sì wà létí ẹnu.

“Ẹ káàsán, sà. Òṣùwọ̀n yín ni mo wá bá.”

“Ìwé dókítà dà?”

“Dókítà ló dúró síwájú yín. Aláìsàn ló wà lórí káńtà.”

Ìyá kan tó ń dúró gba oògùn ikọ́ bú sẹ́rìn-ín. Apoògùn kò rẹ́rìn-ín. Ó ti tó ọdún mẹ́wàá tó ti ń fi òṣùwọ̀n kékeré yẹn wọn oògùn, kò sì gbà kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn án rí. Ṣùgbọ́n obìnrin náà, tó ń tún rédíò àti giramafóònù ṣe ní òpópónà kejì, ti ṣí ìdérí, ó ń ṣàlàyé. Apá irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó gbé abẹ́rẹ́ dání ni ìṣòro. Bó bá wúwo jù, abẹ́rẹ́ á máa gé àwo orin jẹ. Bó bá fúyẹ́ jù, á máa fò káàkiri. Gíráàmù méjì péré ni abẹ́rẹ́ yìí ń fẹ́, kò sì sí òṣùwọ̀n tó mọ gíráàmù méjì ní ṣọ́ọ̀bù òun.

Ó sọ abẹ́rẹ́ kalẹ̀ sórí òṣùwọ̀n jẹ́jẹ́.

“Mẹ́ta àti ààbọ̀,” ni apoògùn kà.

Obìnrin náà yí irin rìbìtì tó wà ní ìdí apá náà sẹ́yìn. “Báyìí ńkọ́?”

“Méjì ó lé díẹ̀.”

“Díẹ̀ kì í ṣe nọ́ńbà, sà.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú un. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ ọ́ fún àwọn èèyàn lójoojúmọ́, kò sì gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn rí. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tẹjú mọ́ ọn.

“Méjì gẹ́lẹ́.”

Nígbà tí àwo bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ohùn fèrè jáde, ó mọ́ lóló, gbogbo ilé oògùn sì pa lọ́lọ́. Ìyá oníkọ́ pàápàá gbàgbé láti wúkọ́.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, obìnrin náà gbé òmíràn wá. Bó ṣe di ti gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun nìyẹn. Ó kọ́ apoògùn bí wọ́n ṣe ń fi dígí kékeré sábẹ́ abẹ́rẹ́ láti mọ̀ bóyá ó dúró ṣánṣán. Ó sọ fún un pé inú ìwé tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sóun lóṣooṣù lòun ti kọ́ iṣẹ́, pé òun kò sì fi ìdáhùn ìdánwò kankan ránṣẹ́ pẹ́ rí. Apoògùn ń pè é ní Dókítà. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹfà, ó ti di Dókítà Mi, ọjọ́ Ajé sì ti ń gùn jù lójú ọkùnrin náà.

“Bàbá mi ní giramafóònù,” ni apoògùn wí lọ́jọ́ kan. “Wá wò ó lọ́jọ́ Àìkú. Wá wo bàbá náà pẹ̀lú.”

“Èwo ló ń ṣàìsàn nínú àwọn méjèèjì?”

“Ìwọ ni kó o sọ fún mi.”

Awakọ̀ rélùwéè tó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá náà. Ọdún mọ́kànlá rèé tí ìyàwó rẹ̀ ti kú. Àwo kan ṣoṣo tí ìyá kọrin sí nígbà ayé rẹ̀ ni bàbá máa ń gbọ́ ní gbogbo ọjọ́ Àìkú. Ó gbọ́ ọ lọ́jọ́ yẹn náà kí àlejò lè gbádùn. Owó onírin kan wà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ orí apá ẹ̀rọ, lókè abẹ́rẹ́ gan-an. Ohùn ìyá ń jáde, ṣùgbọ́n ariwo ṣàà-ṣàà bò ó bí òjò tó ń rọ̀ sórí páànù.

Dókítà fi eyín mú ètè. Kò lè mú un pẹ́.

“Bàbá, owó yẹn ló ń jẹ ohùn wọn. Ó ti wúwo jù. Tí ẹ bá fi sílẹ̀, tó bá di ọdún méjì sí i, ariwo nìkan lẹ máa máa gbọ́.”

Bàbá gbé apá ẹ̀rọ kúrò lórí àwo. “Ṣé o mọ ẹni tó lẹ̀ ẹ́ síbẹ̀?”

“Rárá, sà.”

“Òun tó ń kọrin yẹn ni. Abẹ́rẹ́ ń fò, ó ní òun mọ ohun tóun máa ṣe sí i. Kò lò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ lẹ́yìn ìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ yọ owó yẹn kò ní fẹ́ ọmọ mi.”

Lójú ọ̀nà, apoògùn ní, “Ò bá ti dákẹ́.”

“Kí n dákẹ́ kí ohùn ìyá rẹ tán?”

“Lọ bẹ̀ ẹ́, jọ̀ọ́.”

“Mo lè bẹ̀ ẹ́ torí ẹnu mi tó yá jù. Mi ò lè sọ pé irọ́ ni mo pa.”

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun dé, kò wá. Èkejì dé, kò wá. Ní ẹ̀kẹta, apoògùn ti ilé oògùn lọ́sàn-án gangan, ohun tí kò ṣe rí, ó sì gba òpópónà kejì lọ.

Ó bá a nídìí iṣẹ́. Àmọ́ ohun tó kọ́kọ́ rí lórí tábìlì rẹ̀ ni òṣùwọ̀n kékeré kan tó ń dán, tó dára ju tòun lọ.

“Ìgbà wo lo ra èyí?”

Dókítà doríkodò. “Ọ̀sẹ̀ kẹta.”

“Ọ̀sẹ̀ kẹta tá a pàdé? O sì ń ru giramafóònù wá bá mi fún oṣù mẹ́fà?”

“Wọ́n wúwo gan-an,” ló wí, ẹ̀rín sì gba ẹnu rẹ̀.

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, apoògùn mú ìwé pélébé kan jáde. “Mo wá irú owó tó wà lára ẹ̀rọ bàbá, mo sì wọ̀n ọ́n. Gíráàmù méje.”

Dókítà gba ìwé náà, ó ṣírò, ó pa á rẹ́, ó tún un ṣe. Lójijì ó gbójú sókè. “Abẹ́rẹ́ tuntun tí mo fẹ́ fi sí i máa wúwo ju ti àtijọ́. Mo máa nílò irin kékeré kan ní ìdí apá náà láti fi gbé iwájú sókè. Nǹkan bíi gíráàmù méje.”

Wọ́n wo ara wọn.

“Bàbá, owó náà kò ní kúrò lára ẹ̀rọ,” ni apoògùn wí nílé. “Ìjókòó rẹ̀ nìkan ló máa yí padà.”

Bàbá fi odidi ọjọ́ méjì rò ó. Ní ọjọ́ kẹta, ó ní, “Kó wá. Ṣùgbọ́n ojú mi ló ti máa ṣe é.”

Ní ọjọ́ Àìkú, Dókítà gbé gíláàsì omi lé orí ẹ̀rọ náà ná. Omi fì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo abẹ́ tábìlì, ó sì ká bébà sábẹ́ ẹsẹ̀ kan tó kúrú.

“Ìdí tó fi ń fò láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn, sà.”

“Ẹsẹ̀ tábìlì!” ni bàbá kígbe. “Ọdún mọ́kànlá! Ẹsẹ̀ tábìlì!”

Dókítà fi òwú tútù rẹ owó náà títí tó fi tú, ó sì gbé e lé bàbá lọ́wọ́. “Ẹ̀yin lẹ máa lẹ̀ ẹ́.” Bàbá lẹ̀ ẹ́ dáadáa sí ìdí apá náà. Abẹ́rẹ́ tuntun sọ̀ kalẹ̀ sórí òṣùwọ̀n. Dókítà yí irin, ó tún un yí.

“Méjì gẹ́lẹ́,” ni apoògùn wí.

“Ohun tó ti jẹ kò ní padà, sà,” ni Dókítà kìlọ̀. “Àmọ́ kò ní jẹ mọ́.”

Àwo yí. Òjò orí páànù ti dá. Kí orin tó bẹ̀rẹ̀, ohùn kékeré kan wà tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ fún ọdún mọ́kànlá: ìyá fa èémí sínú.

Bàbá di apá àga mú. “Ó mí,” ló wí. “Ẹ gbọ́? Mo ti gbàgbé pé ó máa ń mí bẹ́ẹ̀.” Ó wo Dókítà pẹ́. “Ọmọ mi, jókòó. Kí ló dé tó o ṣì wà lórí ìdúró nínú ilé rẹ?”

Apoògùn rọra sún mọ́ Dókítà. “Òṣùwọ̀n méjì fún èèyàn méjì tó ń fẹ́ra, ìfiṣòfò ni.”

“Kí la máa wá ṣe sí i?”

“Ká kó wọn sínú ilé kan. Ká ta ọ̀kan.”

“Tìrẹ la máa tà, Apoògùn mi. Tèmi péye jù.”

“Ṣé o gbà nìyẹn?”

“Ṣé ẹni tí kò gbà ló ń bá ẹ ṣètò ọjà títà?”

“Ẹ dákẹ́, ẹ̀yin méjèèjì,” ni bàbá wí. Ó ti gbé apá ẹ̀rọ padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. “Ẹ máa mú ọjọ́ ìgbéyàwó tí orin bá tán.”

Wọ́n dákẹ́, wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú. Nínú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà, ìyá fa èémí sínú, ó sì bẹ̀rẹ̀ orin.