Ẹ Mú Ara Rubén Tutù Ná

Bí oṣù Kẹjọ bá dé ní gúúsù Texas, ooru kì í jẹ́ kí ajá pàápàá kúrò lábẹ́ ọkọ̀. Síbẹ̀, oṣù yẹn gan-an làwọn ọmọ iléèwé girama máa ń bẹ̀rẹ̀ ìgbaradì bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n máa ń dé akoto, tí wọ́n sì máa ń wọ ìhámọ́ra èjìká gbá.

Rubén Cantú ló síngbọnlẹ̀ jù nínú ẹgbẹ́ náà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí wọ́n ti sáré títí, ó ta gbọ̀n-ọ́n-gbọ̀n-ọ́n bí ọ̀mùtí, ó sì lọ dúró sáàárín àwọn tó yẹ kó dojú kọ.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Ọ̀dàlẹ̀, o ti bá wọn lọ nìyẹn?"

"Gbé ara ńlẹ̀ jàre, ọ̀lẹ," ni kóòṣì tó ń kọ́ wọn wí.

Mísì Treviño, tó ń tọ́jú àwọn tó bá fara pa nínú ẹgbẹ́ náà, kò rẹ́rìn-ín. Ó sún mọ́ ọmọ náà.

"Rubén, ibo la wà yìí?"

"Mísì, mo máa fọ abọ́ náà tó bá yá."

Mísì kọjú sí kóòṣì. "Ọkàn ọmọ yìí ò sí níbí mọ́. Ooru ti mú un dé ọpọlọ. Ẹ pe áńbúláǹsì."

"Ó ṣì ń làágùn kẹ̀?"

"Bó tiẹ̀ ń làágùn, ooru ṣì lè pa á, kóòṣì. Ẹ pè wọ́n."

Wọ́n bọ́ akoto àti ìhámọ́ra rẹ̀, wọ́n sì gbé e sínú ọpọ́n ńlá kan lábẹ́ ìbòòji. Omi àti yìnyín ló wà nínú ẹ̀. Mísì kì í jẹ́ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ eré lójọ́ ooru láìkọ́kọ́ pọn ọ́n sílẹ̀.

Isidro, bàbá Rubén, tó ń dúró de ọmọ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà, sáré dé.

"Ẹ yọ ọmọ mi níbẹ̀. Ṣé ẹ fẹ́ kí òtútù pa á ni? Ọkọ̀ mi rèé, ilé ìwòsàn ò jìnnà."

"Bàbá Rubén, ara ẹ̀ ń jó bí iná. Tẹ́ ẹ bá gbé e sọ́kọ̀ báyìí, yóò máa jó lọ lójú ọ̀nà ni. Ẹ jẹ́ ká mú ara ẹ̀ tutù ná. Ẹ wá bá mi di orí ẹ̀ mú, kó má rì."

Isidro kúnlẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì gbé àgbọ̀n ọmọ rẹ̀. Rubén ń jà, ó ń bú u, òun ọmọ tí kì í lè wo bàbá rẹ̀ lójú tẹ́lẹ̀. Bàbá náà kàn ń sọ pé, "Mo wà níbí. Mo wà níbí."

Nígbà tí áńbúláǹsì dé, Mísì ní kí wọ́n ṣì mú sùúrù títí ara rẹ̀ á fi tutù. Ó ń fi irinṣẹ́ wo ìgbóná ara ọmọ náà, ó sì ń ro omi náà pọ̀. Nígbà tó yá, Rubén lajú.

"Pápá, kí lẹ̀ ń sunkún sí? Òtútù ń mú mi."

Ìgbà yẹn ni wọ́n tó gbé e lọ sílé ìwòsàn. Kò gbá bọ́ọ̀lù mọ́ lọ́dún náà, àmọ́ ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé nígbà tó padà dé.

Kóòṣì wá kí wọn nílé. "Mo pè é lọ́lẹ," ló wí.

Isidro bu kọfí fún un. "Èmi náà, ká ní wọ́n gbọ́ tèmi, mi ò bá ti fìfẹ́ pa á."

Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́, bí ẹni tó ń ṣeré nínú ooru bá ń sọ̀sọkúsọ, tó ń ta gbọ̀n-ọ́n, tàbí tó ṣubú, ẹ má pè é lọ́lẹ. Ẹ gbé e sí ìbòòji, ẹ pe 911 fún ìrànlọ́wọ́ pàjáwìrì, ẹ bọ́ ohun tó wúwo lára rẹ̀, kí ẹ sì rì í sínú omi yìnyín títí dé ọrùn, kí ẹnì kan di orí rẹ̀ mú. Bí kò bá sí ọpọ́n, ẹ máa da omi tútù sí i lára láìdáwọ́ dúró, kí ẹ sì máa fẹ́ ẹ. Ẹ má rọ omi sí i lẹ́nu nígbà tí ọkàn rẹ̀ ò sí níbẹ̀. Ilé ìwòsàn ṣe pàtàkì, àmọ́ ibi tó ṣubú sí ni ìtọ́jú rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀.